Ọmọ Wọlé-wọlé ní Yorkshire

Mi ò san owó orí ọkọ̀. Kì í ṣe pé mo yarí o, mo gbàgbé ni. Láàárọ̀ ọjọ́ Ẹtì, ní Wakefield tí mò ń gbé ní Yorkshire, nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, mo jáde síta, ibi tí mo gbé ọkọ̀ sí ń wò mí, èmi náà ń wò ó. Wọ́n ti wọ́ ọkọ̀ lọ.

Mo wọ takisí dé ọgbà tí wọ́n ń kó irú wọn sí. Bàbá tó jókòó sẹ́yìn gíláàsì na ìwé sí mi: 200 pọ́n-ùn, owó ọjọ́ tó sùn síbẹ̀ lọ́tọ̀. Ni mo bá rí orúkọ láyà rẹ̀: Pinder. Ọmọ Ìbàdàn ni mí, mo mọ̀ pé téèyàn bá ki oníbodè dáadáa, ọwọ́ rẹ̀ a máa rọ̀. Mo ní, "Bàbá, orúkọ yín mà dùn o! Pínnì làwọn baba ńlá yín ń rọ, àbí?"

Bàbá rẹ́rìn-ín títí gíláàsì fi hu èémí. Ó ní rárá o. Láyé àtijọ́, pinder ni ẹni tí abúlé yàn láti máa mú ẹran tó bá ń jẹ oko olóko. Á tì í mọ́nú ọgbà olókùúta, ó di ìgbà tí olówó ẹ̀ bá sanwó kó tó rí i gbà. "Sé mọ́lé" ni ìtumọ̀ pyndan, ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì àtijọ́ tí orúkọ náà ti yọ, ìdílé kan náà sì ni òun àti "pound" (irú ọgbà yìí, kì í ṣe owó) tí wọ́n kọ sára géètì níta. Ó tiẹ̀ ní ìtàn kan wà pé Pinder Wakefield bá Robin Hood, olè inú igbó tí wọ́n ń pa ìtàn rẹ̀ nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, fìjà pẹẹ́ta torí Robin Hood gba inú ọkà kọjá.

"Wọlé-wọlé!" Bó ṣe bọ́ lẹ́nu mi nìyẹn. Mo wá ṣàlàyé bí wọ́n ṣe mú òbúkọ màmá mi ní Ìbàdàn nígbà tí mo wà lọ́mọ ọdún 8. Inú bàbá dùn, ó ní kí n kọ ọ́ sílẹ̀. Mo kọ ọ́ tàmì-tàmì. Ó pè é ní "Wòlíì-wòlíì". Mi ò tún un ṣe, nítorí owó.

Kọ́bọ̀ kò dín.

Lálẹ́ mo ròyìn fún màmá mi. Wọ́n dákẹ́ díẹ̀. "Òbúkọ tèmi, ó rù kan egungun ni kó tó padà wálé. Ọkọ̀ tìẹ ńkọ́, ṣé epo inú ẹ̀ ṣì pé?"