Àkọsílẹ̀ iṣẹ́: iye àárín owó agboolé ní Oglala Lakota County, 1979 sí 2019

Ibi tí iṣẹ́ dé: àmì mẹ́fà ló wà lórí gíráàfù báyìí, 1979, 1989, 1999, 2005–2009, 2010–2014 àti 2015–2019. Ààyè 2020–2024 ṣì ṣófo. Iye àárín ni owó tí ìdajì agboolé ń rí jù lọ, tí ìdajì yòókù kò sì rí tó. Kaúńtì yìí wà ní South Dakota, ní Amẹ́ríkà, nínú Pine Ridge, ilẹ̀ tí wọ́n yà sọ́tọ̀ fún àwọn ọmọ ìbílẹ̀ Oglala Lakota, àwọn tó ń gbé ibẹ̀ kò sì tó 15,000. Ìyẹn ló sọ iṣẹ́ náà di líle, nítorí pé ACS (ìwádìí tí Census Bureau, àjọ ìkànìyàn Amẹ́ríkà, ń ṣe lọ́dọọdún) ọlọ́dún kan kì í gbé iye jáde fún kaúńtì tí èèyàn rẹ̀ kò tó 65,000. Ti ọlọ́dún márùn-ún, tó kó ìdáhùn ọdún márùn-ún pọ̀, la fi ń ṣe é.

Fáìlì. Àtẹ B19013 ni iye àárín wà. B19001 ló pín àwọn agboolé sí ìsọ̀rí owó 16. Shannon County ni kaúńtì yìí ń jẹ́ títí di oṣù karùn-ún ọdún 2015, kóòdù tí ìjọba fi ń dá a mọ̀ sì jẹ́ 46113. Láti fáìlì 2011–2015 ló ti di 46102. Bí a bá kàn fi kóòdù so àwọn fáìlì pọ̀, yóò dà bíi pé kaúńtì kan pòórá, tí òmíràn sì hù. A kọ 46102 sí gbogbo ìlà àtijọ́ kí a tó so wọ́n pọ̀. Bí -666666666 bá yọjú níbi tó yẹ kí iye wà, ẹnikẹ́ni kò jẹ gbèsè o. Ohun tó ń sọ ni pé ìdáhùn tí wọ́n rí gbà kò tó ṣírò. Ẹ yọ ọ́ kúrò.

Agboolé kọ́ ni ẹbí. Ìwé ìkànìyàn àtijọ́, pàápàá ti 1960, owó ẹbí ló máa ń tẹ̀ jáde fún kaúńtì, ẹni tó ń gbé ní òun nìkan kò sì sí nínú rẹ̀. Ní ọ̀pọ̀ ibi, iye ti ẹbí ló máa ń ga jù. Níbí, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba ní 1999: $20,916 fún agboolé, $20,897 fún ẹbí. Síbẹ̀, ohun kan náà kọ́ ni wọ́n, ìdí nìyí tí a kò fi ya ohunkóhun ṣáájú 1979.

Ọ̀wọ́n gógó. Dọ́là 2019 la sọ gbogbo rẹ̀ dà. Ẹ fi 1.535 sọ ti 1999 di púpọ̀, 1.192 fún 2005–2009, 1.080 fún 2010–2014. Ti 1999 wá di nǹkan bí $32,100. Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ ti ń ṣìnà: wọ́n á mú ọdún tó wà láàárín, 2007, láti ṣírò ti 2005–2009. Census Bureau ti sọ owó ọdún márààrún di dọ́là ọdún tó kẹ́yìn kí fáìlì tó jáde. Ẹni tó bá lo 2007 ti ṣe é lẹ́ẹ̀mejì.

Àlàfo àṣìṣe, ìyẹn bí iye gidi ṣe lè jìnnà tó sí èyí tí a kọ, ló gba àkókò jù. Iye ± tó wà nínú ACS jẹ́ ti ìdánilójú 90%, nítorí náà ẹ pín in pẹ̀lú 1.645 kí ẹ tó rí àṣìṣe gidi (standard error). Ká ní ìgbà kan jẹ́ $30,000 ±3,300, èkejì $34,000 ±4,000. Àṣìṣe wọn jẹ́ 2,006 àti 2,432. Ẹ fi ọ̀kọ̀ọ̀kan sọ ara rẹ̀ di púpọ̀, ẹ ro wọ́n pọ̀, ẹ wá gbòǹgbò ìlọ́po méjì: 3,153. Ìyàtọ̀ iye méjèèjì, $4,000, pín sí 3,153 jẹ́ 1.27, kò tó 1.645 tí ìdánilójú 90% ń béèrè. A jẹ́ pé ẹ̀rí kò tó láti sọ pé owó gòkè, bó ti wù kí ìlà náà dára lójú. Fọ́ọ̀mù gígùn ti ìkànìyàn 2000, tí iye 1999 ti wá, lágbára ju ACS lọ, torí nǹkan bí agboolé kan nínú mẹ́fà ló kún un káàkiri orílẹ̀-èdè, tó sì tún ju bẹ́ẹ̀ lọ ní àwọn ibi kéékèèké. Àmì àtijọ́ ló ṣe é gbára lé ju tuntun. Ẹ má sì fi 2010–2014 wé 2011–2015, ọdún mẹ́rin ni wọ́n jọ ní.

Bennett àti Jackson, kaúńtì méjì tó wà nítòsí, la fẹ́ dà pọ̀ fún ìfiwéra. A kì í pín iye àárín méjì sí méjì. Ìsọ̀rí B19001 la rò pọ̀. Bí agboolé bá jẹ́ 4,000, tí 1,850 wà lábẹ́ $35,000, tí 400 sì wà láàárín $35,000 sí $39,999, ìṣírò tààrà, tó pín agboolé déédéé káàkiri ìsọ̀rí, fún wa ní $36,875. Pareto, ìlànà tó gbà pé agboolé ń dín kù bí owó bá ṣe ń ga, tí Census Bureau ń lò fún ìsọ̀rí tó fẹ̀ ju $2,500 lọ, mú $36,681 wá. Pareto la dì mú.

SAIPE, ìṣírò owó àti òṣì tí Census Bureau ń ṣe fún àwọn kaúńtì, ní iye lọ́dọọdún, ó sì wuni, àmọ́ fún kaúńtì kékeré, àwòṣe tó ń lo ìsọfúnni owó orí ló gbé èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀. Ìlà rẹ̀ máa ń tẹ́jú ju bó ti yẹ lọ. Ìlà tó gé wẹ́wẹ́ la fi yà á, lọ́tọ̀, a kò so ó mọ́ àmì ACS.

Èyí tó kàn: kí a tún 1979 àti 1989 ṣe pẹ̀lú CPI-U-RS, òṣùwọ̀n ọ̀wọ́n gógó tí wọ́n fi ìlànà tuntun tún ṣírò fún àwọn ọdún àtijọ́. CPI-U lásán, tí wọn kò tún ṣírò, ka èlé owó ilé mọ́ iye ọjà títí di 1983, ó sì ń mú kí owó 1979 ga ju bó ti yẹ lọ.