Àyẹ̀wò Ọdún 2025: Ọdún Kẹwàá Lẹ́yìn Bwari

Láti oṣù Kẹsàn-án ni fóònù mi ò ti sinmi mọ́. Àwa tí a jọ jáde nílé ẹ̀kọ́ òfin ní Bwari, lágbègbè Àbújá, tí wọ́n pè wá sí Báà, ìyẹn ni pé wọ́n gbà wá wọlé bí agbẹjọ́rò, lọ́dún 2015, fẹ́ ṣe ìpàdé ọdún mẹ́wàá. Ìgbìmọ̀ ní kí kálukú kọ ìpínrọ̀ kan nípa ara rẹ̀ sínú ìwé pélébé tí a ó pín lọ́jọ́ náà. Bí ìpínrọ̀ ṣe ń já sórí WhatsApp wa nìyẹn, lọ́kọ̀ọ̀kan, àfi ká sọ pé gbogbo wa la fẹ́ du ipò gómìnà. "Managing Partner" inú wa pọ̀ ju ọ́fíìsì lọ.

Ẹ̀yin tí ẹ gba Bwari kọjá, ẹ ó rántí bí wọ́n ṣe ń ṣe èsì ìdánwò wa. Iṣẹ́ márùn-ún ni a ṣe: ẹjọ́ ọ̀daràn, ẹjọ́ tí kì í ṣe ti ọ̀daràn, ọ̀rọ̀ ilẹ̀ àti ogún, ọ̀rọ̀ ilé-iṣẹ́, àti ìwà tó yẹ agbẹjọ́rò. Wọn kì í ro máàkì pọ̀ kí wọ́n tó pín in. O lè gba A nínú mẹ́rin. Tí o bá fi lè gba C nínú ìkarùn-ún, C yẹn ni wọ́n á fi dá ọ lẹ́jọ́. Mo mọ àwọn tó mọ̀wé jù mí lọ fíìfíì tí wọ́n sunkún sórí ìlànà yìí. Ó wá di ọdún kẹwàá, àwa fúnra wa la fẹ́ ṣe máàkì ara wa, ibi tó ga jù lára wa la sì ń fi wọn gbogbo rẹ̀. Mo ti fún ìgbìmọ̀ ní ìpínrọ̀ tèmi, ó ń dán gbinrin. Èyí tí mo ń kọ síbí, ìlànà Bwari ni mo fi kọ ọ́.

C mi lọ́dún yìí, owó ni. Ọ́fíìsì mi ní Kubwa, yàrá méjì lókè ṣọ́ọ̀bù akẹ́míìsì, owó ilé rẹ̀ ti gòkè, epo jẹnẹrétọ̀ ń gòkè, owó tí oníbàárà ń mú wá nìkan ni ò mọ ọ̀nà òkè. Ìjọba ti gbé ìlànà owó iṣẹ́ agbẹjọ́rò jáde láti 2023, ṣùgbọ́n ta ló fẹ́ kà á sétí oníbàárà tó jókòó síwájú rẹ, tó ń sọ pé, "Ẹ jọ̀ọ́, Lọ́ọ̀yà, ìwé lásán mà ni, ṣebí ẹ kàn máa tẹ̀ ẹ́ ni"? Àwọn tí a jọ ń ṣọ́ọ̀ṣì ló burú jù. Ẹni tó bá pè mí ní "Sister" kó tó sọ ohun tó gbé wá, mo ti mọ̀ pé ọ̀fẹ́ ló fẹ́.

Kóòtù náà wà níbẹ̀. Ẹjọ́ ilé kan tí mo gbà nígbà tí wíìgì mi ṣì funfun parí lọ́dún yìí. Wọ́n gbé adájọ́ àkọ́kọ́ lọ sí Kóòtù Kò-tẹ́-mi-lọ́rùn, ẹjọ́ bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Ìkejì fẹ̀yìn tì, a tún bẹ̀rẹ̀. Ọkùnrin tó gbé e wá bá mi kò tíì níyàwó nígbà náà. Ìyàwó rẹ̀ ló wá gba ẹ̀dà ìdájọ́ lọ́wọ́ mi, ó gbé ọmọ pọ̀n.

Ohun tó jẹ ọdún yìí mọ́ mi lọ́wọ́ gan-an, ilẹ̀ ni. Ní oṣù Kẹta, ìjọba FCT, ìyẹn agbègbè olú-ìlú Àbújá, kéde pé àwọn ti gba àṣẹ ilẹ̀ 4,794 padà nítorí gbèsè owó ilẹ̀ tí onílẹ̀ ń san fún ìjọba lọ́dọọdún, tó ti lé ní ọdún mẹ́wàá, ní Maitama, Asokoro, Wuse, Garki, Guzape àti àárín ìlú. Kò kan Kubwa, àmọ́ ìjayà kì í béèrè àdírẹ́sì. Àwọn tí kò wo ìwé ilẹ̀ wọn mọ́ láti ọjọ́ tí wọ́n ti rà á bẹ̀rẹ̀ sí í yọ ọ́ lábẹ́ tìmùtìmù.

Ìyá kan wà lára wọn, ará Ìlá-Ọ̀ràngún, òṣìṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ tó ti fẹ̀yìn tì. Owó àjẹmọ́nú rẹ̀ ló fi ra púlọ́ọ̀tì kan lẹ́bàá Bwari. Ó kó ìwé rẹ̀ sínú láílọ́ọ̀nù, ó tún fi láílọ́ọ̀nù náà sínú òmíràn. Ó jókòó, kò sì gbé báàgì kúrò lórí itan.

"Lọ́ọ̀yà ọmọ mi, bá mi wò ó. Ṣùgbọ́n má tètè sọ ọ́."

Fótókọ́pì fótókọ́pì ni. Òǹtẹ̀ áríà káńsù, ìjọba ìbílẹ̀ ti Àbújá, ti ṣí débi pé etí rẹ̀ nìkan ló hàn. Nọ́ńbà púlọ́ọ̀tì ti parẹ́ tán, ẹnì kan ti wá fi báírò tẹ̀ ẹ́ padà, tí 7 fi fẹ́ jọ 1. Mo ṣàlàyé fún un pé, níbí o, ìwé áríà káńsù kì í ṣe C of O, ojúlówó ìwé àṣẹ ilẹ̀. Abala 297 nínú òfin ìpìlẹ̀ ti fi gbogbo ilẹ̀ FCT sọ́wọ́ ìjọba àpapọ̀, àṣẹ mínísítà ló sì ń sọ ẹni tó ni ín. Ìwé káńsù gbọ́dọ̀ gba ọ́dọ̀ AGIS, ọ́fíìsì tó ń tọ́jú àkọsílẹ̀ ilẹ̀ Àbújá, kọjá kí wọ́n tó fìdí rẹ̀ múlẹ̀. Bí ẹ bá ti gbé ní Ìbàdàn rí, tó jẹ́ pé mọ̀lẹ́bí àti rìsíìtì la kọ́kọ́ máa ń béèrè, ọ̀rọ̀ Àbújá yóò rú yín lójú. Ìyá náà mi orí. Mo kọ lẹ́tà, mo san owó àyẹ̀wò, a sì ń retí.

Nígbà tí èsì dé, orúkọ ẹlòmíràn ló wà lórí púlọ́ọ̀tì náà. Mo sọ ọ́ díẹ̀díẹ̀ bó ṣe bẹ̀ mí. Ó dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀, ó wá béèrè pé, "Ṣé Yorùbá ni onítọ̀hún?" Bó bá jẹ́ Yorùbá ni, ó ti fẹ́ lọ bẹ̀ ẹ́ nìyẹn.

A ò gbé e lọ kóòtù. Mo pe ẹni tó tà á fún un, mo tẹ́ èsì AGIS síwájú rẹ̀, mo sì fi yé e pé ọ̀rọ̀ tó lè di ti EFCC ni. Ó ti ń dá owó padà díẹ̀díẹ̀ látìgbà náà. Fún èmi o, iṣẹ́ tó dára jù tí mo ṣe lọ́dún yìí nìyẹn, kò sì sí bí mo ṣe fẹ́ kọ ọ́ sínú ìwé pélébé tí yóò wu ẹnikẹ́ni.

Òfin ACJA, òfin bí a ṣe ń ṣe ẹjọ́ ọ̀daràn, tí wọ́n fọwọ́ sí ní oṣù Karùn-ún 2015, jẹ́ ẹgbẹ́ wa ní Báà, òun náà ti pé ọmọ ọdún mẹ́wàá. Abala 7 rẹ̀ ní ẹ má mú ẹlòmíràn dípò ẹni tí ẹ ń wá. Abala 167 ní ẹ má sọ pé ẹnì kan ò lè ṣe onídùúró kìkì nítorí pé obìnrin ni. Ní oṣù Kẹjọ mo wà ní àgọ́ ọlọ́pàá kan, ìyàwó fẹ́ dúró fún ọkọ rẹ̀, wọ́n ní àwọn kì í gba obìnrin. Mo yọ abala náà tí mo ti tẹ̀ síwèé. Ọlọ́pàá náà kà á sókè, ọ̀rọ̀ kan lẹ́yìn òmíràn, ó yí ìwé náà padà bóyá nǹkan wà lẹ́yìn rẹ̀, ó wá ní ti kóòtù nìyẹn. A wà lórí ẹ̀ títí DPO fi wọlé. Obìnrin ni. Ó wò wá lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ní kí wọ́n fún ìyàwó ní fọ́ọ̀mù.

Ká padà sórí àwọn ẹlẹgbẹ́ mi. Ọdún mẹ́wàá ní Báà kì í ṣe nǹkan kékeré lójú òfin: ó ti tó láti fi jẹ adájọ́ ilé-ẹjọ́ gíga, ó sì tó láti béèrè fún SAN, oyè àgbà agbẹjọ́rò tí gbajúmọ̀ lọ́ọ̀yà, Rotimi Williams, jẹ ní 1975. Nítorí náà, gbogbo wa ti di "Milord" lórí WhatsApp. Ẹnì kan nínú wa jẹ́ májísíréètì lóòótọ́, kì í sì í dá sí yẹ̀yẹ́ náà. Ẹnì kan ń ta bàtà ní ọjà Wuse, ó ń pa wá lówó, ó sì kọ ọ́ gaara. Ìpínrọ̀ tí mo kà lẹ́ẹ̀mejì ni ti ọ̀rẹ́ wa kan ní Kánádà, ẹni tó máa ń dìde takò olùkọ́ ní kíláàsì: lóru, ó ń tọ́jú àwọn arúgbó, lọ́sàn-án, ó ń kàwé fún ìdánwò NCA tí wọ́n fi ń gba lọ́ọ̀yà ilẹ̀ òkèèrè wọlé. Kò fi "consultant" bò ó mọ́lẹ̀. Tèmi kò tó tirẹ̀ láti kà.

Ẹnì méjì ti kú nínú wa. Mo béèrè ta ló máa kọ tiwọn, ìgbìmọ̀ ní kí á má ba ayẹyẹ jẹ́. Mi ò gbà rárá. Mo kọ ti ẹni tí mo mọ̀: ọmọ Ọ̀yọ́, tó bá gbogbo àwa tí a jọ wà ní àjà kan náà nínú họ́sítẹ̀ẹ̀lì lọ ṣẹ́ẹ̀tì funfun ní alẹ́ tí ó ṣáájú dínà, àsè àwọn akẹ́kọ̀ọ́ òfin, tí kò gba kọ́bọ̀. Wọ́n ti gbà á wọlé báyìí, ojú ìwé àkọ́kọ́ sì ni.

Lọ́dún tó ń bọ̀, mo fẹ́ gba agbẹjọ́rò kékeré kan sí ọ́fíìsì, kí n sì san owó iṣẹ́ ti NBA, ẹgbẹ́ àwa agbẹjọ́rò, ṣáájú ọjọ́ 31 oṣù Kẹta, kì í ṣe lọ́jọ́ náà gan-an. Mi ò ní gba ẹjọ́ tí wọ́n bá fi "Sister" bẹ̀rẹ̀, bí kò ṣe pé owó bá a wá.

Ìpàdé di Sátidé kan nínú oṣù Kìíní, kí kóòtù tó gbóná. Àwọn kan fẹ́ hòtẹ́ẹ̀lì láàárín ìlú, àwọn kan ní àfi Bwari. A ti parí ìjà pé ká lọ sí Bwari láàárọ̀, ká wá lọ jẹun ní hòtẹ́ẹ̀lì. Wọ́n fi àmàlà lé mi lọ́wọ́, mo sì ti bá ìyá kan tó ń sè é ní Kubwa sọ̀rọ̀, torí mi ò gbẹ́kẹ̀ lé ṣéèfù hòtẹ́ẹ̀lì. Hòtẹ́ẹ̀lì náà ní a máa sanwó lórí oúnjẹ tí a bá gbé wá láti ìta. Mo ti kọ lẹ́tà sí wọn, lórí lẹ́tàhẹ́ẹ̀dì.