Ẹ má wo ọwọ́ yín, móńítọ̀ ni kí ẹ máa wò

Ohun tó tètè ń ba iṣẹ́ ọmọlangidi aláwàdà jẹ́ lórí tẹlifíṣọ̀n kì í ṣe ohùn, kì í sì í ṣe àwàdà. Ojú ni. Ẹni tó ń kọ́ṣẹ́ á gbójú sókè, á máa wo ọmọlangidi tó wà lọ́wọ́ rẹ̀, bẹ́ẹ̀ òun nìkan ló ń rí i láti ìsàlẹ̀. Ohun tí òǹwòran ń rí wà nínú móńítọ̀, tẹlifíṣọ̀n kékeré tó ń fi ohun tí kámẹ́rà ń rí hàn, tí a gbé sílẹ̀ níwájú wa. Jim Henson, ará Amẹ́ríkà tó dá àwọn ọmọlangidi Muppets sílẹ̀, mọ èyí láti ìgbà Sam and Friends, ètò tẹlifíṣọ̀n rẹ̀ tó bẹ̀rẹ̀ ní Washington lọ́dún 1955: ó pa àgọ́ tí àwọn oníṣẹ́ yìí ń sá sẹ́yìn rẹ̀ tì, etí ojú tẹlifíṣọ̀n ló fi ṣe ìtàgé.

Móńítọ̀ kì í ṣe dígí o. Bí ẹ bá gbọ́wọ́ lọ sí ọ̀tún yín, apá òsì ni àwòrán á gbà. Kámẹ́rà iwájú fóònù ń ṣe bíi dígí, nítorí náà kò lè kọ́ yín. Kámẹ́rà ẹ̀yìn ni kí ẹ so mọ́ tẹlifíṣọ̀n. Wákàtí kan lójúmọ́ fún bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ọwọ́ á mọ ọ̀nà.

Ní ti ẹnu, àtàǹpàkò, tó wà nínú àgbọ̀n ìsàlẹ̀ ọmọlangidi, ló ń sọ̀rọ̀. Bí ìka mẹ́rin òkè bá ń fò, orí á máa là sẹ́yìn bí ìdérí ìkòkò tó ń hó. Fáwẹ́lì ló ń ṣí ẹnu. Ẹ wo “Ó ń bọ̀”: ṣí, pa, ṣí. “Ń” yẹn ni wọ́n sábà máa ń ṣí ẹnu sí, ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti ń jọ ti ẹni tó ń jẹ gúgúrú. Fún b, m, p àti gb, ètè gbọ́dọ̀ pàdé kó tó là. Ẹ má sì la gbogbo ẹnu fún ọ̀rọ̀ kékeré, ẹ fi pamọ́ de igbe.

Bí ọrùn ọwọ́ kò bá tẹ̀ síwájú, ọmọlangidi á máa wo òrùlé. Bí èjìká bá rẹ̀, á máa rì bí ẹni tó ń wọ kòtò, òǹwòran á sì rí i kí ẹ̀yin tó mọ̀. Ẹ nà ọwọ́ sókè lẹ́gbẹ̀ẹ́ etí fún ìṣẹ́jú 3, kí ẹ máa fi ìṣẹ́jú kan kún un lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ títí yóò fi pé 10.

Kóòtù àtijọ́ ìyá Henson ni wọ́n fi rán Kermit àkọ́kọ́, ọmọlangidi rẹ̀ tó lókìkí jù, bọ́ọ̀lù tẹ́nìsì orí tábìlì tí wọ́n là sí méjì sì ni ojú rẹ̀. Ẹ má lẹ dúdú ojú mọ́ àárín gbùngbùn. Ẹ fà á sún mọ́ imú díẹ̀, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, òfìfo ni yóò máa wò. Sẹ́lótéèpù ni kí ẹ kọ́kọ́ fi mú un, kí ẹ wò ó nínú kámẹ́rà, kí gọ́ọ̀mù tó kàn án. Harry Corbett, oníṣẹ́ ọmọlangidi nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ra ọmọlangidi béárì rẹ̀ ní ìlú Blackpool lọ́dún 1948 ní ṣílè 7 àti sísì. Dúdú èéfín ló fi kun etí àti imú rẹ̀ kó lè hàn nínú tẹlifíṣọ̀n aláwọ̀ dúdú àti funfun. Ibẹ̀ ni orúkọ béárì náà, Sooty, ti wá: “soot” ni Gẹ̀ẹ́sì ń pe dúdú èéfín.

Àwàdà? Ẹ lọ wo ìpolówó kọfí Wilkins tí Henson bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 1957. Ìṣẹ́jú-àáyá 8 péré: ọmọlangidi kan fẹ́ kọfí, èkejì kọ̀, ìyà jẹ ẹni tó kọ̀. Ìpolówó ló tún ń bọ́ ilé iṣẹ́ Henson nígbà náà, ẹ má fojú kéré rẹ̀.

Ara ni gbèsè iṣẹ́ yìí. Caroll Spinney gbé Big Bird, ẹyẹ ńlá inú ètò ọmọdé Sesame Street, wọ̀ láti 1969: ọwọ́ ọ̀tún sókè lórí, òsì nínú ìyẹ́, móńítọ̀ kékeré ní àyà. Okùn apẹja tó gba abẹ́ ọrùn ló ń fa ìyẹ́ ọ̀tún. Bí òsì bá wálẹ̀, ọ̀tún á gòkè. Ní 2015, nígbà tí ìdúró rẹ̀ kò gún mọ́, ó bọ́ aṣọ náà fún Matt Vogel, tó ti ń kọ́ ọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún, Spinney fúnra rẹ̀ sì ń bá ohùn lọ títí di 2018. Ẹ tètè wá ẹni tí ẹ máa kọ́, nígbà tí èjìká yín ṣì le.