Ìparí Téèpù Ni Kí Ẹ Yẹ̀ Wò

Sátidé tó kọjá ni ọ̀rọ̀ yìí ṣẹlẹ̀, oúnjẹ kò tíì dùn lẹ́nu mi láti ọjọ́ náà. Ẹ̀yin tí ẹ ṣì ń gba orin sórí téèpù bíi tèmi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fara balẹ̀ kà á.

Oṣù kọkànlá ọdún tó kọjá la lọ gba orin ẹgbẹ́ akọrin kan sílẹ̀ ní Ìkéré. Máṣíìnì ọ̀gá mi la gbé láti Adó, DA-88 tí Tascam ṣe, èyí tó ń gba ohùn mẹ́jọ lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ sórí téèpù Hi8. Ẹ má bi mí pé kọ̀ǹpútà ńkọ́. Ọ̀gá mi fọkàn tán téèpù, èmi náà fọkàn tán an, téèpù kọ́ ló sì ṣẹ̀.

Kámẹ́rà ń ya tirẹ̀ lọ́tọ̀, timecode, ìyẹn nọ́ńbà aago (wákàtí, ìṣẹ́jú, ìṣẹ́jú àáyá, frame), ni yóò so àwòrán pọ̀ mọ́ ohùn. Èmi àti oníkámẹ́rà jọ bẹ̀rẹ̀ ní 01:00:00:00 lẹ́ẹ̀kan náà. Orí frame 25, ìyẹn àwòrán 25 ní ìṣẹ́jú àáyá kan, ni kámẹ́rà wà, bó ṣe yẹ nílẹ̀ wa níbí. Ṣùgbọ́n tòkunbọ̀ Amẹ́ríkà ni máṣíìnì wa, 29.97 non-drop, ọ̀nà tí wọ́n ń gbà ka frame lọ́hùn-ún, ni ẹni tó lò ó kẹ́yìn fi í sí. Ọ̀gá mi pè mí lórí fóònù láàárọ̀ ọjọ́ náà pé, "25 o, ṣé o ti wò ó?" Mo ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, sà." N kò wò ó. Mo rò pé ibẹ̀ ló ti wà tẹ́lẹ̀ ni.

Nígbà tí a dé ilé, mo ń ka nọ́ńbà tí orin kọ̀ọ̀kan ti bẹ̀rẹ̀ lójú àwòrán, mo ń wá nọ́ńbà kan náà lórí téèpù, mo sì ń kó ohùn rẹ̀ láti ibẹ̀ wọ kọ̀ǹpútà. Mo wo orin àkọ́kọ́. Ẹnu bá ohùn mu. Mo pa á dé, mo lọ sùn.

Nínú oṣù kìíní, bàbá tó lu gángan fún wọn kú. Ibi ìrántí rẹ̀ ni wọ́n ti gbé fídíò náà sí ojú ògiri lọ́jọ́ Sátidé. Orin àkọ́kọ́ lọ dáadáa, àwọn èèyàn ń gbè é. Ní orin kẹta, mo rí ọmọdé kan tó ń wo ẹnu akọrin, tó sì yí ojú wo ìyá rẹ̀. Àyà mi já. Orin ìgbẹ̀yìn ni bàbá ti dá gángan lù. Ìlù dún kọjá lára ògiri, bàbá ṣì ń fi apá há ìlù. Ìlù dákẹ́, kọ̀ǹgọ́ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń lọ sókè sódò lójú awọ. Gbogbo yàrá dákẹ́. Màmá, ìyàwó rẹ̀, wà ní ìjókòó iwájú. Ó sọ ọ́ jẹ́jẹ́, ṣùgbọ́n mo gbọ́: "Bàbá wọn kì í pẹ́ lórí ìlù. Ọwọ́ rẹ̀ kì í pẹ́ báyìí."

Mi ò lè sọ fún un níbẹ̀ pé èmi ni. Ẹnu mi kò là.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ rèé. Non-drop máa ń ka frame 30 kó tó sọ pé ìṣẹ́jú àáyá kan pé, bẹ́ẹ̀ 29.97 péré ló ń kọjá nínú ìṣẹ́jú àáyá gidi. Aago rẹ̀ ń falẹ̀. Tó bá fi máa sọ pé wákàtí kan pé, ó ti fi ìṣẹ́jú àáyá 3.6 kọjá wákàtí gidi. Nítorí náà nọ́ńbà tí mo bá lórí téèpù ti wà níwájú ibi tí àwòrán wà. Ní ìṣẹ́jú kìíní, àlàfo náà kò tó frame méjì, ojú kò lè rí i. Ní ìṣẹ́jú 50 tí bàbá lu gángan, ó ti di ìṣẹ́jú àáyá mẹ́ta gbáko. Drop-frame, ọ̀nà kejì tí wọ́n ń gbà ka 29.97, ì bá tiẹ̀ sàn díẹ̀, torí ó máa ń fo nọ́ńbà méjì ní ìṣẹ́jú kọ̀ọ̀kan, àfi ìṣẹ́jú kẹwàá-kẹwàá, kí aago lè bá tòótọ́ mu. Nọ́ńbà ló ń fò, kì í fo ohùn.

Ẹ wá gbọ́ o, ìparí ni kí ẹ yẹ̀ wò. Orin àkọ́kọ́ kò lè sọ òótọ́ fún yín, ìbẹ̀rẹ̀ ni gbogbo aago ti máa ń bára wọn mu. Ẹ sáré téèpù lọ sí orin tó kẹ́yìn, ẹ wá ibi tí ọwọ́ kan nǹkan, ìlù tàbí àtẹ́wọ́, kí ẹ wo ibẹ̀.

Kí ẹ tó gba ohunkóhun, ẹ wo nọ́ńbà méjì tó wà ní apá ọ̀tún pátápátá nínú timecode, ti frame nìyẹn. Tó bá jẹ́ 25, 24 ni yóò dé, yóò padà sí 00. Tí ẹ bá ti rí 27 níbẹ̀, ẹ dá iṣẹ́ dúró. Wọ́n lè ní ojú kò lè bá a, torí ó ń yára. Ẹ dá a dúró lẹ́ẹ̀mẹ́wàá, ẹ ó rí i. Kí ẹ bi oníkámẹ́rà léèrè tirẹ̀ pẹ̀lú, kí ẹ kọ ọ́ sára páálí téèpù. Tí ọ̀gá yín bá sì bi yín, ẹ lọ wò ó kí ẹ tó dáhùn. Mo mọ̀ pé iṣẹ́ pọ̀ lọ́jọ́ bẹ́ẹ̀, wáyà mẹ́jọ wà nílẹ̀, èmi nìkan ni mo wà nídìí rẹ̀. Síbẹ̀, orin ìgbẹ̀yìn, ẹ wo orin ìgbẹ̀yìn.

Àtúnṣe rẹ̀ kò gbà ju alẹ́ kan lọ. 48 kHz, ìyẹn iye ìgbà tí máṣíìnì ń wọn ohùn, la fi format téèpù náà, timecode kò kàn án, ohùn fúnra rẹ̀ kò yí, nítorí náà mo kàn fa orin kọ̀ọ̀kan sẹ́yìn bó ṣe yẹ ni. Mo gbé e lọ sí Ìkéré lánàá, mo dọ̀bálẹ̀, mo sì jẹ́wọ́ fún Màmá. Wọ́n wo orin ìgbẹ̀yìn tán, wọ́n ní kí n tún un gbé sí i.