Àjàrà tó bu ní Sauternes

Ẹ̀yin èèyàn mi, mo wà ní Sauternes, ní gúúsù Bordeaux, ilẹ̀ Faransé, níbi tí wọ́n ti ń fi àjàrà ṣe wáìnì dídùn! Oṣù Kẹwàá rèé, ìkórè ń lọ lọ́wọ́. Láàárọ̀, kùrukùru bo oko àjàrà débi pé n kò rí ẹni tó wà níwájú mi. Odò Ciron tó tutù ló ń ṣàn wọ Garonne tí omi tirẹ̀ kò tutù tó bẹ́ẹ̀, ibẹ̀ ni kùrukùru náà ti ń dìde. Òun ló ń mú kí àjàrà bu, bíbu yẹn gan-an ni wọ́n sì ń fẹ́! Omi inú èso á gbẹ, adùn á ki bí oyin.

Màmá kan tó ń ká a fún mi ní ẹyọ kan, ó ti hunjọ, ó ti dúdú. Mo jẹ ẹ́. Háà! Ọwọ́ ni wọ́n fi ń ṣà á, wọn a sì máa padà sídìí igi kan náà léraléra, torí gbogbo rẹ̀ kì í bu pọ̀. Ní Château d'Yquem, oko wáìnì tí wọ́n fi ṣe olórí nínú àwọn tó ń ṣe wáìnì dídùn níbí lọ́dún 1855, wọ́n ní igi kan kì í mú ju ife wáìnì kan lọ lọ́dún.

Wáìnì ti Barsac, ìlú kékeré tó wà nítòsí, ni mo fẹ́ràn jù, ó fúyẹ́ lẹ́nu. Ẹ fi wàràkàṣì Roquefort tó níyọ̀ mu ún!