Yàrá ìdákẹ́jẹ́ níbi iṣẹ́, Ìbàdàn àti Lọ́ńdọ̀n

Nígbà tí mo wà n'Íbàdàn mi ò bi ẹnikẹ́ni rí pé ibo ni mo ti máa kírun níbi iṣẹ́. Abẹ́ àtẹ̀gùn ni àwa obìnrin ń tẹ́ páálí sí, búútà wa wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ omi, tí Àílà bá tó ọ̀gá wa fúnra ẹ̀, Kìrìsìtẹ́nì ni o, á ní "Àláájá, ìrun mà ti ń lọ". Láàárọ̀ Mọ́ńdè àwọn Kìrìsìtẹ́nì á kọrin, wọ́n á pàtẹ́wọ́ kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀, àwa náà á jókòó tì wọ́n, a máa ń ṣe àmín.

Ìgbà tí mo bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ọsibítù ní Lọ́ńdọ̀n ni mo wá mọ̀ pé èèyàn lè máa wá ibi tó máa forí kanlẹ̀ sí. Inú yàrá tí wọ́n ń kó aṣọ bẹ́ẹ̀dì sí ni mo ti ń yọ́ kírun, àyà mi á máa já tí mo bá ti gbọ́ ẹsẹ̀ èèyàn. Dìsẹ́ńbà ló sì burú jù, torí nílé Àílà àti Alásárì nìkan ló ń bá wa lẹ́nu iṣẹ́, tó bá fi máa di Màgáríbì a ti kúrò lọ́fíìsì, àmọ́ níbí Àílà ní bí aago méjìlá, Alásárì kó tó di aago méjì, oòrùn á sì ti wọ̀ kí aago mẹ́rin tó lù, mẹ́tẹ̀ẹ̀ta nínú ṣíìfù kan ṣoṣo.

Nọ́ọ̀sì kan ará Philippines ló rí mi lọ́jọ́ kan, ó ní ṣé mi ò mọ̀ pé yàrá ìdákẹ́jẹ́ wà nísàlẹ̀ ni, pé ibẹ̀ lòun ti ń ka rosary òun. Kò tóbi. Kápẹ́ẹ̀tì, àga mélòó kan, Kùránì àti Bíbélì lórí pẹpẹ kan náà, wọ́n ya ọfà sára àjà tó kọjú sí gúúsù ìlà-oòrùn, torí Mẹ́kà ò sí níbi tí oòrùn ti ń yọ tẹ́ ẹ bá wà ní Lọ́ńdọ̀n.

Òfin Equality Act ti 2010 nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ò sọ pé dandan ni kí gbogbo ibi iṣẹ́ ní yàrá àdúrà o, ọ̀pọ̀ èèyàn wa ló rò bẹ́ẹ̀. Ohun tó kọ̀ ni kí wọ́n fi ẹ̀sìn èèyàn fìyà jẹ ẹ́. Torí náà ẹ béèrè, ẹ má yọ́ kírun bíi tèmi.

Ìgbà tí wọ́n pè mí láti ilé pé bàbá mi ti kú, yàrá yẹn ni mo sáré lọ. Òyìnbó kan wà níbẹ̀, kò gbàdúrà, ó kàn jókòó, ojú ẹ̀ pọ́n. Kò bi mí ní nǹkankan, èmi náà ò bi í. Mo sunkún títí ó fi tẹ́ mi lọ́rùn, mi ò rí irú ẹ̀ rí láyé mi. N'Íbàdàn èèyàn ogún á ti yí mi ká, "pẹ̀lẹ́, mú ọkàn le", wọ́n á sìn mí délé, gbogbo ọ́fíìsì á wá ṣe àdúà ọjọ́ kẹjọ. Mo fẹ́ ìyẹn náà o, torí lálẹ́ ọjọ́ yẹn èmi nìkan ni mo ṣílẹ̀kùn wọlé.

Ohun kan ló ń dùn mí. Ọmọ oníṣẹ̀ṣe kan wà lọ́fíìsì wa n'Íbàdàn, gbogbo ọdún tá a fi jọ ṣiṣẹ́ kò sẹ́ni tó bi í léèrè ibi tó ti lè dákẹ́ kó bá orí ẹ̀ sọ̀rọ̀, òun náà jókòó ti orin Mọ́ńdè bíi tiwa. Bẹ́ẹ̀ abala 38 nínú ìwé òfin Nàìjíríà ti 1999 fún gbogbo wa lẹ́tọ̀ọ́ ẹ̀sìn dọ́gbadọ́gba.

Mo ti bá ọ̀gá wa sọ ọ́ lórí WhatsApp. Sítọ́ọ̀ kan wà lókè tí wọ́n ń kó fáìlì àtijọ́ sí, wọ́n ní táwọn bá ti ríbi kó fáìlì yẹn sí àwọn á ṣí i fún ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ jókòó jẹ́ẹ́. Mo ti ra kápẹ́ẹ̀tì, ó ti wà nínú ẹrù tí mò ń gbé lọ sílé lóṣù kẹjọ.