Ohun tí mo kọ́ nípa ṣíṣètò àkókò ṣáàjì ọkọ̀ oníná nílé

Bí ẹ bá ń gbé ní Ìlú Ọba, tí ẹ ní ọkọ̀ oníná, tí ẹ sì ní àyè ìgbọ́kọ̀sí níwájú ilé yín, wákàtí tí ẹ fi ń ṣáàjì ọkọ̀ náà ni yóò sọ bóyá owó tí ẹ ń ná lé e lórí yóò pọ̀ tàbí yóò kéré. Nọ́ọ̀sì ni mí ní gúúsù Lọ́ńdọ̀nù. Mo máa ń ṣe iṣẹ́ ọ̀sán, mo sì máa ń ṣe iṣẹ́ òru, ọkọ̀ oníná kan ṣoṣo ni èmi àti ọkọ mi sì jọ ń lò. Àwọn tí a jọ ń ṣiṣẹ́ àti àwọn ará ìjọ wa kì í yé bi mí bí a ṣe ṣètò rẹ̀, nítorí náà mo fẹ́ kọ ọ́ sílẹ̀ ní kíkún ní èdè wa, kí ẹni tó bá ń rò ó láti ra irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ lè mọ ohun tó yẹ kó béèrè kó tó náwó.

Ìdí tí iná fi máa ń dínwó lóru kò ṣòro láti lóye. Nígbà tí ọ̀pọ̀ ènìyàn bá ti sùn, tí ọ́fíìsì ti tì, tí kò sì sí ẹni tó ń dáná, afẹ́fẹ́ orí òkun kò ní torí èyí dẹ́kun láti máa yí àwọn ẹ̀rọ ńlá tó ń pèsè iná. Àwọn ilé iṣẹ́ tó ń ta iná wá máa ń dín owó kù kí àwọn oníbàárà lè lo iná náà ní àkókò tí kò sí ẹni tó ń dù ú. Èyí kì í ṣe ohun tuntun: láti ọdún 1978 ni ètò tí wọ́n ń pè ní Economy 7 ti ń fún àwọn ilé ní wákàtí méje lóru ní owó tó dínkù. Àwọn ètò tí wọ́n dìídì ṣe fún ọlọ́kọ̀ oníná kúrú ju ìyẹn lọ, ṣùgbọ́n owó wọn fi púpọ̀ kéré sí i. Ti Octopus Go, ètò ilé iṣẹ́ Octopus tó ń ta iná, fún àpẹẹrẹ, wákàtí márùn-ún ni, láti aago 12:30 òru sí aago 5:30 ìdájí. Kí ẹ tó lè wọ irú ètò bẹ́ẹ̀, ẹ nílò mítà ìgbàlódé tó lè ka iye iná tí ẹ lò ní ọgbọ̀n ìṣẹ́jú kọ̀ọ̀kan, tó sì ń fi í ránṣẹ́ fúnra rẹ̀. Ẹ kọ́kọ́ rí i dájú pé mítà yín ń ṣe bẹ́ẹ̀ dáadáa, nítorí láìsí i, gbogbo ètò tó kù kò lè mú owó kankan wálẹ̀.

Ká ní bátìrì ọkọ̀ yín ń gba kílówáàtì-wákàtí 60, èyí tí àwa ọmọ Nàìjíríà mọ̀ sí yúnìtì, tí ẹ sì fẹ́ gbé e láti ìdá 30 sí ìdá 80 nínú ọgọ́rùn-ún. Yúnìtì 30 ni yóò wọ inú bátìrì, ṣùgbọ́n nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́wàá iná tó bá ti ara ògiri jáde máa ń di ooru kó tó dé ibẹ̀, nítorí náà ẹ fi ọkàn sí yúnìtì 33 lórí mítà. Bí yúnìtì kan bá jẹ́ pẹ́nsì 8 lóru, gbogbo rẹ̀ jẹ́ £2.64. Bí ó bá jẹ́ pẹ́nsì 26 lọ́sàn-án, ó di £8.58 fún iná kan náà. Àpẹẹrẹ ni mo fi àwọn iye wọ̀nyí ṣe, nítorí Ofgem, àjọ ìjọba tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ iná títà, máa ń tún òdiwọ̀n owó iná ṣe ní oṣù mẹ́ta mẹ́ta. Ẹ fi iye tó wà lórí ìwé owó iná tiyín rọ́pò wọn, kí ẹ sì ṣe ìṣirò náà kí ẹ tó fọwọ́ sí ìwé kankan. Ẹ má ṣe wo owó òru nìkan. Nínú ọ̀pọ̀ ètò wọ̀nyí, owó ọ̀sán máa ń ga ju ti ètò lásán lọ, ẹni tí kò bá sì wakọ̀ púpọ̀, tó jẹ́ pé ilé ló ń wà ní gbogbo ọjọ́ pẹ̀lú àwọn ọmọ, tí iná ìdáná àti ẹ̀rọ ìfọṣọ kì í kú, lè rí i pé ohun tí òun ń jèrè lóru ni òun ń fi san owó ọ̀sán.

Nígbà tí mo ti dárúkọ ìfọṣọ, mo rí àwọn tó ń fi ẹ̀rọ tó ń gbẹ aṣọ sílẹ̀ kó máa ṣiṣẹ́ láàárín òru nítorí owó pọ́ọ́kú yìí. Àwọn panápaná kìlọ̀ pé ká má ṣe fi irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ sílẹ̀ nígbà tí gbogbo ilé bá ti sùn, mo sì fara mọ́ ohun tí wọ́n sọ. Pẹ́nsì díẹ̀ kò tó nǹkan tí a ó torí rẹ̀ fi ẹ̀mí ọmọ wéwu.

Ibi tí mo fẹ́ kí ẹ fara balẹ̀ kà jù lọ nìyí. Ibi mẹ́ta ni a ti lè pàṣẹ pé kí iná dúró di àkókò kan: inú ọkọ̀ fúnra rẹ̀, inú ẹ̀rọ ṣáàjì tó wà lára ògiri, àti inú áàpù ilé iṣẹ́ tó ń ta iná fún yín. Ọba kì í pé méjì láàfin. Bí ẹ bá sọ fún ọkọ̀ pé aago 12:30 sí 5:30 ni, tí ẹ̀rọ ara ògiri ń tẹ̀ lé aago 11:30 sí 4:30 tí oníṣẹ́ fi sí i ní ọjọ́ tó gbé e wá, àárín aago 12:30 sí 4:30 tí àwọn méjèèjì fẹnu kò lé lórí nìkan ni iná yóò wọlé. Bí wákàtí wọn kò bá pàdé rárá, bátìrì yóò wà bó ṣe wà ní àárọ̀, ẹni tó ni ọkọ̀ yóò sì rò pé nǹkan ti bàjẹ́. Àwọn ọkọ̀ kan tún wà tó jẹ́ pé, bí a bá ti ki wáyà bọ̀ wọ́n tí iná kò sì wá, wọn yóò sùn, wọn kò sì ní jí nígbà tí ẹ̀rọ ara ògiri bá tan iná lóru. Nítorí náà, ẹ yan ẹnì kan ṣoṣo tí yóò máa pàṣẹ, kí ẹ sì pa ètò àkókò àwọn méjì tó kù pátápátá, kí wọ́n wà ní ipò tí wọn yóò fi gba iná nígbàkígbà tó bá dé.

Ta ni kí ẹ wá yàn? Bí ó bá jẹ́ ètò tí ilé iṣẹ́ iná fúnra rẹ̀ ti ń yan wákàtí fún yín ní alaalẹ́, ẹ fi í sílẹ̀ fún áàpù wọn, ẹ má sì tún dá sí i. Bí wákàtí náà bá jẹ́ ọ̀kan náà ní gbogbo òru, ọkọ̀ ni mo fara mọ́, nítorí òun ló mọ bí bátìrì rẹ̀ ṣe kún tó. Àmọ́ ẹ wádìí bóyá ọkọ̀ yín lè fi ètò náà mọ sí ilé nìkan. Bí kò bá lè dá ilé mọ̀ yàtọ̀ sí ibòmíràn, ẹ ó gbé e lọ síbi ẹ̀rọ ṣáàjì tó wà ní ibi iṣẹ́ tàbí ní ọjà, yóò sì jókòó síbẹ̀ tí yóò máa dúró de aago 12:30 òru, àfi tí ẹ bá tẹ bọ́tìnnì tó ní kó bẹ̀rẹ̀ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Fún irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀, ara ògiri ló dára kí ètò náà wà.

Ohun kan tó máa ń kó àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ rà á lọ́kàn sókè ni pé aago ti lù, iná kò sì tíì wọlé. Láti ọjọ́ 30 oṣù kẹfà ọdún 2022 ni òfin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, Scotland àti Wales ti sọ pé ẹ̀rọ ṣáàjì tuntun tí wọ́n bá tà fún ilé gbọ́dọ̀ lè fi ìdádúró díẹ̀, tó lè tó ìṣẹ́jú mẹ́wàá, sí ìbẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ rẹ̀, kí gbogbo ọkọ̀ ìlú má bàa fa iná ní ìṣẹ́jú kan náà. Òfin náà ló tún ní kí ẹ̀rọ wọ̀nyí ti ilé ìtajà dé pẹ̀lú ètò tí kò ní í jẹ́ kí wọ́n ṣáàjì láàárín aago 8 sí 11 àárọ̀ àti aago 4 ìrọ̀lẹ́ sí 10 alẹ́ láti ọjọ́ Ajé sí ọjọ́ Ẹtì, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹni tó ni ẹ̀rọ lè yí i padà. Ẹ dúró ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún kí ẹ tó pe oníṣẹ́.

Ọ̀pọ̀ ọkọ̀ máa ń jẹ́ kí ẹ yan àkókò tí ẹ fẹ́ jáde dípò àkókò tí iná yóò bẹ̀rẹ̀. Ó wúlò púpọ̀ ní ìgbà òtútù, nítorí ọkọ̀ yóò lo iná ilé láti mú inú rẹ̀ móoru kí ẹ tó wọlé sí i, dípò kó máa jẹ nínú bátìrì lójú ọ̀nà. Ṣùgbọ́n ẹ kíyè sí bó ṣe ń ka wákàtí. Bí ẹ bá ní aago 7 ni ẹ ó jáde, tí bátìrì sì nílò wákàtí mẹ́rin, àwọn ọkọ̀ kan yóò bẹ̀rẹ̀ ní aago 3, wọn yóò sì máa fa iná lọ títí di aago 7, nígbà tí owó pọ́ọ́kú ti parí láti aago 5:30. Ẹ wá ibi tí ẹ ti lè sọ fún un pé aago 5:30 ni iná gbọ́dọ̀ dúró. Bí kò bá sí irú ibẹ̀, ẹ fi 5:30 ṣe àkókò ìjáde yín, kí ẹ sì fi áàpù tan ooru inú ọkọ̀ fúnra yín nígbà tí ẹ bá fẹ́ jáde.

Ẹ̀yin tí ẹ ń ṣe iṣẹ́ òru bíi tèmi, ìyẹn nọ́ọ̀sì, olùtọ́jú àgbàlagbà, ẹ̀ṣọ́, ọ̀rọ̀ yín yàtọ̀, n kò sì rí ẹni tó sọ ọ́ fún mi nígbà tí mo ń ra ọkọ̀. Wákàtí tí iná dínwó gan-an ni ọkọ̀ yín wà níwájú ilé ìwòsàn. Ohun tó ràn mí lọ́wọ́ ni pé mo yé ka ọjọ́ kọ̀ọ̀kan, mo wá ń ka ọ̀sẹ̀. Bí ibi iṣẹ́ bá jẹ́ máìlì 12 sí ilé, òru mẹ́rin tẹ̀ léra kò ju máìlì 96 lọ. Bí yúnìtì kan bá ń gbé ọkọ̀ máìlì 2.5 péré nígbà òtútù líle, kò ní lo ju yúnìtì 39 nínú 60 lọ. Ní òru tó ṣáájú iṣẹ́ yẹn, mo máa ń jẹ́ kí bátìrì kún sí ìdá 95, lẹ́yìn náà n kì í fọwọ́ kan wáyà títí òru ìsinmi mi yóò fi dé. Bí kò bá ní tó, mo máa ń fi iná ọ̀sán díẹ̀ kún un, ìwọ̀nba tí yóò gbé mi dé òru ìsinmi.

Ní àwọn ọjọ́ tó kù, ìdá 80 ni mo fi òpin sí. Ọ̀pọ̀ bátìrì lítíọ́ọ̀mù kì í fẹ́ kí a máa fi wọ́n sílẹ̀ ní kíkún fún ìgbà pípẹ́. Àwọn lítíọ́ọ̀mù tí wọ́n fi irin àti fọ́sífétì ṣe, tí wọ́n ń pè ní LFP, yàtọ̀, àwọn tó ṣe ọkọ̀ sì sábà máa ń ní kí a jẹ́ kí tiwọn kún pátápátá lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀, kí ọkọ̀ lè mọ iye iná tó kù nínú rẹ̀ dáadáa. Ìwé ọkọ̀ yín ni kí ẹ gbọ́ràn sí lẹ́nu.

Ní ti iná ilé fúnra rẹ̀, ẹ má ṣe gba aládùúgbò tó mọ wáyà díẹ̀ díẹ̀ láyè. Ẹ̀rọ ara ògiri tó wọ́pọ̀ ń fa kílówáàtì 7.4, ó sì ń fa á fún ọ̀pọ̀ wákàtí láìdáwọ́ dúró, èyí tí ẹ̀rọ ìdáná kì í ṣe. Fíùsì ńlá tó ń gba iná wọlé sí àwọn ilé àtijọ́ kan kò ju áḿpù 60 lọ, ìyẹn nǹkan bíi kílówáàtì 13.8. Bí ẹnì kan bá wọ ilé ìwẹ̀ tó ń fi iná mú omi gbóná pẹ̀lú kílówáàtì 9.5 nígbà tí ọkọ̀ ń ṣáàjì, ó ti kọjá ohun tí fíùsì náà lè gbé. Ẹ béèrè fún ẹ̀rọ tó ń wo iye iná tí gbogbo ilé ń fà, tó sì ń dín ti ọkọ̀ kù fúnra rẹ̀. Oníṣẹ́ tó níwèé ẹ̀rí náà ló gbọ́dọ̀ fi tó ilé iṣẹ́ tó ni wáyà àdúgbò létí, èyí tí í ṣe UK Power Networks lọ́dọ̀ tiwa. Kì í ṣe gbogbo ilé ló nílò ẹ̀rọ ara ògiri, ṣá. Sọ́kẹ́ẹ̀tì ẹlẹ́nu mẹ́ta lásán ń fúnni ní kílówáàtì 2.3, nínú wákàtí márùn-ún yóò sì fi ìrìn bíi máìlì 35 kún bátìrì, èyí tó tó fún ọ̀pọ̀ ènìyàn lójúmọ́. Kí oníṣẹ́ ṣáà kọ́kọ́ yẹ sọ́kẹ́ẹ̀tì náà wò, kí ẹ má sì ṣe fi wáyà àfikún inú ilé gùn ún dé ibi tí ọkọ̀ wà láéláé, nítorí ó lè gbóná títí yóò fi gbiná.

Ẹ ṣọ́ ọjọ́ Àìkú tó gbẹ̀yìn oṣù kẹta àti ti oṣù kẹwàá, nígbà tí aago ìlú ń yí padà. Ọ̀pọ̀ mítà Economy 7 àtijọ́ kì í yí pẹ̀lú rẹ̀, nítorí náà owó pọ́ọ́kú tó ń bẹ̀rẹ̀ ní 12:30 nígbà òtútù yóò di 1:30 nígbà ooru. Mo máa ń ṣí áàpù ilé iṣẹ́ iná ní àárọ̀ ọjọ́ Ajé tó tẹ̀ lé e, kí n wo ibi tí iná ti ga lóru.

Àbúrò mi kan ní Ìbàdàn bi mí bóyá òun lè ṣe irú rẹ̀. Mo sọ fún un pé ètò tó ń tẹ̀ lé aago kò lè wúlò níbi tí a kò ti mọ ìgbà tí iná máa dé. Fún ẹni tó ní páńẹ́lì oòrùn, ọ̀sán gangan ni kó ṣáàjì, kó sì dín áḿpù kù láti inú ọkọ̀ kí íńfátà má bàa kú.

Ẹ̀yin tí ẹ yá ilé gbé, ẹ gba ìwé àṣẹ lọ́wọ́ onílé kí oníṣẹ́ tó lu ihò kankan sí ògiri. Ìjọba ní owó ìrànwọ́ fún ayálégbé àti fún ẹni tó ni fúláàtì, bí wọ́n bá ní àyè ìgbọ́kọ̀sí tiwọn, ṣùgbọ́n kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀ ni kí ẹ ti kọ̀wé béèrè rẹ̀, kí ẹ sì lo oníṣẹ́ tó wà nínú ìwé àwọn tí ìjọba fọwọ́ sí.